Kí ẹ tó ra fóònù tuntun: bí a ṣe ń mọ̀ bóyá ti ọwọ́ wa ti tó pààrọ̀

Ní Kétu níbí, ní ilẹ̀ Benin, bí fóònù bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra, ohun tí èèyàn kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé ó ti gbó. Lẹ́yìn náà ni yóò máa bẹ ẹni tó ń lọ sí Kútọnu pé kó bá òun wo iye tí wọ́n ń ta tuntun ní ọjà Tọ̀kpá. Ó máa ń dùn mí, torí ọ̀pọ̀ nínú àwọn fóònù tí à ń sọ sínú àpótí ni kò gbó rárá. Bátìrì wọn ló rẹ̀, tàbí inú wọn ló kún, tàbí ihò ṣájà ló dí. Owó kékeré ló ń wo àìsàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ìkejì àti ìkẹta pàápàá kì í gba kọ́bọ̀. Àìsàn mìíràn sì wà tí kò sí iye tí ẹ lè ná tó máa wò ó. Bí fóònù bá ti ní irú rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ má wẹ̀yìn.

Ọjọ́ orí fóònù kò sọ nǹkan púpọ̀ fúnni. Ẹ jẹ́ ká wá iṣẹ́ tí kò lè ṣe mọ́ fún yín, ká sì wádìí ìdí rẹ̀ kí owó tó jáde lápò. Orúkọ àwọn ibi tí ẹ máa tẹ̀ nínú fóònù, ti Faransé ni mo máa fi pè wọ́n, torí Faransé ni ọ̀pọ̀ fóònù wa wà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ iṣẹ́ tí fóònù ń ṣe fún yín

Ẹ mú bébà, ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ fi fóònù ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ bóyá ó ń ṣe é wẹ́rẹ́, bóyá ó ń ṣe é tìpá-tìkúùkù, tàbí kò ṣe é mọ́.

Ìyá tó ń ta àgbàdo lọ́jà Kétu, ìpè, MoMo (owó orí fóònù) àti ohùn orí WhatsApp lè jẹ́ gbogbo iṣẹ́ tirẹ̀. Ìpè àti MoMo kò béèrè fóònù ńlá. Fóònù onítẹ̀ kékeré lè tẹ kóòdù MoMo, owó yóò sì lọ, torí nọ́ńbà yín ni owó náà so mọ́. Bí fóònù bá fọ́ lónìí, tí ẹ gbé SIM yín sínú òmíràn lọ́la, ẹ máa bá owó yín níbẹ̀. Mò ń tẹnu mọ́ ọn torí mo ti rí àwọn àgbà tó sáré ra fóònù olówó ńlá, tí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé MoMo wọn yóò bá ti àtijọ́ lọ.

Ti ẹni tó ń wa zém (ọ̀kadà akérò) yàtọ̀: ó fẹ́ ohùn tó ròkè, bátìrì tó dé alẹ́, àti ojú fóònù tó ṣeé rí nínú oòrùn. Olùkọ́ tó ń gba ìwé PDF, tó ń ya àwòrán iṣẹ́ àwọn ọmọ, tó sì ń wọ service-public.bj láti béèrè ìwé ìjọba, iṣẹ́ tirẹ̀ wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá kọ ọ́ tán tí ẹ kò rí "kò ṣe é mọ́" kankan lórí bébà, ẹ dúró ná. Tuntun lè máa wu èèyàn, kò sí aburú níbẹ̀, àmọ́ ẹ má fi owó ilé-ìwé ọmọ ṣe é.

Ìgbésẹ̀ kejì: bátìrì

Bátìrì ló ń tètè rẹ̀ jù nínú fóònù, òun ni mo ṣe fi ṣáájú. Iye ìgbà tó lè gba iná kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ní ìwọ̀n. Bí wọ́n ṣe ń kà á nìyí: bí ẹ bá lo ìdajì lónìí, tí ẹ gba iná, tí ẹ tún lo ìdajì lọ́la, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Apple sọ pé bátìrì iPhone 14 àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀ yẹ kó ṣì ní ìdá 80 nínú 100 agbára rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà 500. Láti iPhone 15, ó di ìgbà 1,000. Ní Yúróòpù, òfin kan tó bẹ̀rẹ̀ ní ogúnjọ́ oṣù kẹfà 2025 ní kí bátìrì fóònù tuntun ṣì ní 80 yẹn lẹ́yìn ìgbà 800, ó kéré tán. Ẹni tó bá ń lo bátìrì rẹ̀ tán lójoojúmọ́, ìgbà 500 kò pé ọdún kan àbọ̀ fún un. Bí fóònù ọlọ́dún méjì bá ń kú lọ́sàn-án, kò sí ohun ìyanu níbẹ̀, kò sì túmọ̀ sí pé fóònù náà ti parí.

Ooru tún ń ba bátìrì jẹ́. Apple kìlọ̀ pé ká má lo fóònù níbi tí ooru bá ti ju 35°C lọ, torí agbára tí bátìrì bá pàdánù níbẹ̀ kì í padà. Ní oṣù kejì àti ìkẹta tiwa, a kì í wá 35 jìnnà. Ẹni tó so fóònù mọ́ iwájú zém nínú oòrùn ọ̀sán, ẹni tó ń gba iná lábẹ́ ìrọ̀rí, ẹni tó ń wo fídíò nígbà tí fóònù ṣì wà lórí iná, àwọn ni bátìrì wọn kì í pẹ́.

Ẹ ṣe àyẹ̀wò yìí lálẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ jẹ́ kí iná fóònù kún dé 100. Ẹ tẹ Mode Avion, èyí tó ń gé nẹ́tíwọ̀kì, ẹ gbé e sílẹ̀ títí di àárọ̀ láìfọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá jí bá a ní 97 tàbí 96, bátìrì kọ́ ló ń dà yín láàmú, ohun tó ń jẹ iná lọ́sàn-án ni kí ẹ wá. Bí ó bá ti bọ́ sí 80, tàbí ó ti kú pátápátá, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ bátìrì.

Ohun tó ń jẹ iná lọ́sàn-án, ẹ wò ó nínú Paramètres, lábẹ́ Batterie. Ẹ máa rí orúkọ áàpù kọ̀ọ̀kan àti iye tó jẹ. Ọ̀kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí: nẹ́tíwọ̀kì tí kò lágbára. Bí ọ̀pá nẹ́tíwọ̀kì bá jìnnà, fóònù á máa fi gbogbo agbára rẹ̀ wá a, bí ẹni tó ń ké pe ọmọ lóko, bátìrì ló sì ń san owó igbe yẹn. Ẹni tó ń gbé ní abúlé tí nẹ́tíwọ̀kì kò ti dúró lè ra fóònù mẹ́ta kó má rí ìyàtọ̀. Kó kọ́kọ́ yá SIM ilé-iṣẹ́ mìíràn wò, bóyá ti MTN, Moov tàbí Celtiis ló ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ jù.

Àmì méjì wà tí kò nílò àyẹ̀wò. Àkọ́kọ́ ni kí fóònù máa kú lójijì nígbà tí ó ṣì ń sọ pé òun ní 30. Ìkejì léwu: kí bátìrì wú. Mo dúró ti ẹni tó ń tún fóònù ṣe kan nítòsí ọjà Kétu nígbà tí wọ́n gbé irú rẹ̀ wá. Ẹni tó ni ín rò pé gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn fóònù ló jò, ó ti fi téèpù dì í. Ẹni tó ń tún un ṣe bọ́ téèpù náà, ó fi èékánná wọ àlàfo tó wà láàárín ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yìn náà sì dìde fúnra rẹ̀. Bátìrì abẹ́ rẹ̀ ti yọ ikùn. Kò fi irin kàn án. Igi pẹlẹbẹ ló fi yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ó gbé e sínú agolo oníyanrìn tó wà lábẹ́ tábìlì, lẹ́yìn náà ló tó wá sọ iye bátìrì tuntun. Bí ti yín bá wú, ẹ má gba iná sí i mọ́, ẹ má gún un, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ pa dé.

Lórí iPhone, ẹ wọ Réglages, Batterie, ẹ wá État de la batterie. Bí ó bá ti kéré ju 80 lọ, ẹ pààrọ̀ bátìrì. Ó tún kan eré fóònù o. Ní oṣù kejìlá 2017, Apple fẹnu ara wọn sọ pé àwọn ń dín eré àwọn iPhone tí bátìrì wọn ti rẹ̀ kù, kí wọ́n má baà máa kú lójijì. Wọ́n wá dín owó bátìrì kù láti dọ́là 79 sí 29 ní 2018, fóònù tí wọ́n bá sì pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ tún ń sáré bíi ti tẹ́lẹ̀. Lórí Samsung, áàpù Samsung Members ní ibi tí ẹ ti lè yẹ bátìrì wò.

Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ bátìrì, ẹ bá ẹni tó ń tún un ṣe ṣe àdéhùn kí ẹ tó sanwó tán: ẹ lò ó fún ọjọ́ kan gbáko, bó bá dé alẹ́, ẹ san ìyókù. Ẹni tó bá dá iṣẹ́ rẹ̀ lójú yóò gbà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: inú tó kún

Fóònù tí inú rẹ̀ kún á máa lọ́ra, á kọ̀ láti ya àwòrán, kò sì ní gba ìmúdójúìwọ̀n (mise à jour) kankan mọ́. Ẹ wọ Paramètres, ẹ tẹ Stockage. Bí àyè tó ṣẹ́ kù kò bá tó ìdá 10 nínú 100, ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn.

WhatsApp ló ń kún un jù lọ́dọ̀ wa. Ẹgbẹ́ ìdílé, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, fídíò ìgbéyàwó tí èèyàn mẹ́rin fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Nínú WhatsApp, ẹ wọ Paramètres, Stockage et données, Gérer le stockage. Yóò to àwọn ẹgbẹ́ náà fún yín, èyí tó wúwo jù lókè. Ẹ mú fọ́tò tí ẹ kò fẹ́ kó sọnù kúrò, kí ẹ pa ìyókù rẹ́. Kí ẹ tó jáde níbẹ̀, ẹ pa téléchargement automatique, kí fóònù má máa fa gbogbo fídíò sínú láìbéèrè lọ́wọ́ yín. Yóò tún dín dátà tí ẹ ń ná kù. Bí mo ṣe bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ṣe é nìyẹn. Ó ti bá oníbàárà dúnàádúrà lórí fóònù náà. Nígbà tí kámẹ́rà tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lójú ẹsẹ̀, ó ní òun kò tà mọ́.

Bí ó bá ṣì ń lọ́ra lẹ́yìn tí ẹ ti sọ inú rẹ̀ dòfo, ẹ fi àwọn nǹkan yín pamọ́ síbòmíràn, kí ẹ dá fóònù padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é. Èyí náà ò gba owó.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ihò ṣájà, ojú, omi

Ẹ kọ́kọ́ yá wáyà ẹlòmíràn wò. Lẹ́yìn náà, ẹ pa fóònù, ẹ fi igi ìtayín yọ eruku ọyẹ́ àti òwú àpò inú ihò rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ kàn án. Ojú tó sán àmọ́ tó ṣì ń gbọ́ ọwọ́ lè dúró de ìgbà tí owó bá wà. Fóònù tó mu omi débi pé pátákó inú rẹ̀ ti ń jẹrà, èmi kì í ná owó lé e: bí wọ́n bá tún apá kan ṣe lónìí, apá mìíràn lè kú lóṣù tó ń bọ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: àìsàn tí kò gbóògùn

Bátìrì ṣeé pààrọ̀, inú ṣeé tú. Ṣùgbọ́n bí àwọn tó ṣe fóònù bá ti fi í sílẹ̀, kò sí ẹni tó lè tún un ṣe fún yín, ní Kétu tàbí ní Kútọnu.

Láti oṣù kẹwàá 2023, WhatsApp kò ṣiṣẹ́ mọ́ lórí Android (ètò tó ń darí ọ̀pọ̀ fóònù tí kì í ṣe iPhone) tó rẹlẹ̀ sí 5. Láti ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún 2025, iPhone tí ètò inú rẹ̀ kò bá lè dé iOS 15.1 kò rí WhatsApp lò mọ́. iPhone 5s, 6 àti 6 Plus wà nínú wọn. Bí WhatsApp bá wà lórí bébà yín, tí fóònù yín sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọ̀nyí, àyẹ̀wò ti parí, ẹ lọ ra òmíràn.

Èyí tí kì í pariwo ni ti ààbò. Lóṣooṣù ni Google ń tẹ ìwé jáde nípa àwọn àlàfo tí wọ́n rí nínú Android àti bí wọ́n ṣe dí wọn. Fóònù tí kò gba ìmúdójúìwọ̀n mọ́, àwọn àlàfo yẹn ṣí sílẹ̀ lára rẹ̀, ẹni tó fẹ́ wọlé sì ti ka ibi tí wọ́n wà. Ẹ wọ Paramètres, À propos du téléphone, ẹ tẹ Version d'Android, ẹ wá ọjọ́ tí wọ́n kọ sí mise à jour de sécurité. Bí ọjọ́ náà bá ti lé ní ọdún méjì, tí ẹ sì ń lo áàpù báńkì tàbí tí ẹ kó àwọn kóòdù ìkọ̀kọ̀ yín sínú fóònù náà, ìmọ̀ràn mi ni kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ bó tilẹ̀ ń sáré. Bí ẹ kò bá fi ṣe ju ìpè àti fífi etí sí rédíò lọ, ẹ máa lò ó lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìṣirò

Ẹ pín owó sí oṣù. Ká ní bátìrì àti owó iṣẹ́ jẹ́ 8,000 sẹ́fà, tí fóònù yóò sì fi lo ọdún kan sí i: kò tó 700 sẹ́fà lóṣù. Ká ní tuntun jẹ́ 75,000, tí ẹ retí pé yóò lo ọdún mẹ́ta: ó lé ní 2,000 lóṣù. Ẹ fi iye tòótọ́ tí wọ́n dá lé yín rọ́pò tèmi. Níbi tí mo fi ìlà sí ni ìdajì: bí àtúnṣe bá ti ju ìdajì owó fóònù tó dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀ lọ lọ́jà, mo fi í sílẹ̀. Bí ìgbésẹ̀ karùn-ún bá sì ti dá fóònù lẹ́bi, mi ò ní tún un ṣe, ì báà jẹ́ 3,000 sẹ́fà.

Ìgbésẹ̀ keje: bí ẹ bá fẹ́ rà

Owó Tọ̀kpá lè dín díẹ̀ sí ti Kétu, àmọ́ ẹ ka owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ mọ́ ọn, kí ẹ sì tún kà á lẹ́ẹ̀kejì, torí bí àléébù bá yọ, ẹ máa padà lọ. Bí ẹ bá gba Ìlárá rà á wá láti Nàìjíríà, ẹ béèrè bóyá ìwé ìdánilójú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Benin. Èmi fẹ́ ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù tí mo lè fi ẹsẹ̀ rìn dé.

Láàárín tuntun tó pọ́ọ́kú jù àti àlòkù gidi tó ṣì ń gba ìmúdójúìwọ̀n, àlòkù gidi ni mo máa mú. Samsung ṣèlérí ọdún 7 fún Galaxy S24 tó jáde ní 2024, Google náà ṣèlérí bẹ́ẹ̀ fún Pixel 8 ti 2023. Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí ni pé kó má lọ sísàlẹ̀ ju nẹ́tíwọ̀kì 4G, RAM (àyè tí fóònù fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) 4 Go (gígábáìtì) àti àyè ìpamọ́ 64 Go lọ; 128 ló dára jù. Ẹ ṣọ́ra fún "8 Go RAM" tí wọ́n kọ sí páálí: ẹ wò ó dáadáa, ẹ lè rí 4+4 níbẹ̀. Mẹ́rin kejì yẹn, inú àyè ìpamọ́ ni wọ́n ti yá a, kò lè sáré bíi RAM gidi. Fóònù 30,000 sẹ́fà tó bá sì ní òun ní 512 Go, irọ́ ló ń pa.

Níwájú olùtajà, ẹ ṣe báyìí. Ẹ tẹ *#06#, nọ́ńbà IMEI oní-15, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù náà, yóò jáde. Kó bá ti ara páálí mu. Ẹ jẹ́ kó dá fóònù padà sí ti àkọ́bẹ̀rẹ̀ lójú yín. Bí ó bá béèrè àkáǹtì Google ẹni tó lò ó tẹ́lẹ̀, ẹ dá fóònù náà padà fún olùtajà: bóyá ó jí i, bóyá ó gbàgbé, kò kàn yín. Lórí iPhone, kí Localiser, ìyẹn ohun tó so iPhone mọ́ ẹni tó ni ín kó lè wá a bó bá sọnù, ti kúrò lórí orúkọ ẹni àtijọ́. Ẹ fi SIM yín sí i, ẹ pe ẹnì kan, ẹ gba ohùn sílẹ̀ kí ẹ gbọ́ ọ. Ẹ tẹ àwòrán áàpù kan mọ́lẹ̀, kí ẹ máa fà á yí gbogbo ojú fóònù ká láìgbé ìka. Ibi tó bá ti já bọ́ lọ́wọ́ yín, ojú ti kú níbẹ̀. Ẹ fi wáyà tiyín gba iná sí i kí ẹ rí i pé ó ń wọlé. Ẹ gba ìwé tó ní IMEI àti orúkọ olùtajà.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: kíkó ẹrù

Ẹ fi nọ́ńbà àwọn èèyàn yín pamọ́ sí àkáǹtì Google. Nígbà tí ẹ bá ń ṣe é, ẹ yẹ̀ wọ́n wò: láti ọgbọ̀njọ́ oṣù kọkànlá 2024 ni nọ́ńbà ilẹ̀ Benin ti kúrò ní 8 tó di 10, pẹ̀lú 01 níwájú. Ẹ ṣì máa rí àwọn tí ẹ kò tíì tún kọ. Ẹ tún wọn kọ kí wọ́n tó wọ fóònù tuntun.

WhatsApp, ẹ ṣe sauvegarde (ẹ̀dà ìpamọ́) rẹ̀, ẹ sì tan Vérification en deux étapes (kóòdù ìkọ̀kọ̀ kejì tí ẹ máa yàn fúnra yín). Kóòdù oní-6 tí WhatsApp bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù, ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ọmọ ìyá yín ì báà jẹ́. MoMo kò fẹ́ iṣẹ́ kankan ju kí ẹ gbé SIM lọ. Bí SIM yín bá tóbi ju ihò tuntun lọ, ilé-iṣẹ́ SIM ni kí ẹ gbé e lọ pẹ̀lú ìwé ìdánimọ̀ yín. Ẹ má jẹ́ kí olùtajà fóònù bá yín tẹ kóòdù MoMo, bó ti wù kó jẹ́ ọmọlúàbí tó.

Ẹ fi ti àtijọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, títí ẹ ó fi rí i pé kò sí nǹkan tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ àkáǹtì Google tàbí Localiser kúrò, ẹ dá a padà sí ti àkọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ yọ SIM àti káàdì ìrántí. Ẹ lè fún ọmọ tàbí kí ẹ tà á fún ẹni tó ń tún fóònù ṣe, tí yóò yọ ojú àti kámẹ́rà rẹ̀ lò. Ẹ má jù ú sórí ààtàn níbi tí wọ́n ti ń dáná: ìwé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó jáde ní 2024 sọ pé mílíọ̀nù 62 tọ́ọ̀nù àwókù ẹ̀rọ oníná ni ayé kó jọ ní 2022, èyí tí wọ́n rí i pé a kó, tí a sì tún lò dáadáa kò sì ju ìdá 22.3 nínú 100 lọ. Bí ẹ bá fẹ́ pa á mọ́ de ìgbà àìní, ẹ jẹ́ kí iná rẹ̀ dé ìdajì, ẹ pa á, ẹ gbé e sí ibi tó tutù, kí ẹ sì dá iná rẹ̀ padà sí ìdajì ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà.